Fífi aṣọ àlòkù tọrẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Fífi aṣọ àlòkù tọrẹ ni kí ènìyàn yọ̀ǹda aṣọ tí kò wọ̀ mọ́ fún ẹlòmíràn láìgba owó. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, inú ẹbí ni irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ yà sí, kí ó tó kan ará àdúgbò, ìjọ tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹni tí yóò gba aṣọ ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú àṣà yìí, bóyá ju aṣọ fúnra rẹ̀ lọ.

Bí aṣọ ṣe ń kúrò lọ́rùn ẹni

Ọmọ ló ń tètè kọ aṣọ jù. Ọmọ ọwọ́ máa ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 ga sí i kí ó tó pé ọdún kan, nítorí náà aṣọ tí wọ́n fi kó o jáde kì í pẹ́ há a lára. Àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ aládùúgbò ló máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ti àgbà yàtọ̀: ara a máa tóbi, aṣọ ẹbí a sì máa pọ̀ jù, torí pé ankárá tí wọ́n dá fún ìnáwó kan, ojú ti mọ̀ ọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, a sì máa fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bí wọ́n bá parí.

Lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, aṣọ ní ipele tí ó ń gbà gbó. Aṣọ ìróde a di àwọ̀sílé, àwọ̀sílé a di aṣọ oko, aṣọ oko a di àkísà. Ìró òwú tó ti rọ̀ dáadáa ni ìyá àgbà máa ń fà ya fi ṣe ìtẹ́dìí ọmọ tuntun, nítorí aṣọ tuntun a máa le lára ìkókó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nítorí náà, kò yẹ kí a ka aṣọ tó gbó sí pàǹtí bí a bá ń ṣàlàyé àṣà yìí. Ìgbà tí aṣọ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ipele kan ni wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ fún ẹlòmíràn: èyí tí ọ̀gá ìbá sọ di àwọ̀sílé lè di aṣọ ìróde fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

Aṣọ olóògbé

Pínpín aṣọ ẹni tó kú ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù. Lẹ́yìn ìsìnkú, tí ọjọ́ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé sí ilé, ẹbí a jókòó yí àpótí olóògbé ká. Bí wọ́n bá ti ṣí i, òórùn káńfọ̀ a gba yàrá. Àgbà ilé kan a máa na aṣọ kọ̀ọ̀kan sókè, àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀ a sì máa sọ ọ́: èyí ló fi gbéyàwó, èyí ló fi joyè, èyí ni ọmọ rẹ̀ tó wà l'Ékòó dá fún un.

Wọ́n máa ń ya aṣọ òkè bí ẹtù, sányán àti àlàárì sọ́tọ̀, ìyẹn kì í sábà jáde nílé, àkọ́bí ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ mú. Ti ìyá a máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ lè gé ìró kan sí méjì kí ó lè kárí. Bùbá, ṣòkòtò àti fìlà tó ṣẹ́kù a kan àwọn ìyekan, aládùúgbò, àti ẹni tó tọ́jú olóògbé nígbà àìsàn. Ẹni tó bá gba fìlà baba yìí ń gbà pẹ̀lú pé òun bá a tan, tàbí pé òun ṣe dáadáa sí i, ẹbí sì ń jẹ́rìí sí i.

Ó jọ pé aṣọ eégún ìdílé tẹ̀lé ìlànà kan náà. Ọ̀pọ̀ abala aṣọ tí ọmọ ilé mú wá ni wọ́n ń rán mọ́ra, wọ́n sì lè fi tuntun lé ti àtijọ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Abala kan lè tipa bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju ẹni tó mú un wá lọ.

Ẹ̀sìn

Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ibùdó pàtàkì fún ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí ilé ẹ̀kọ́ ìsìn wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1898. Lúùkù 3:11 pàṣẹ kí ẹni tó ní ẹ̀wù méjì fún ẹni tí kò ní. Kùránì 2:267 kìlọ̀ kí a má ṣe ṣa èyí tí kò dára fi ṣe sàráà. Nínú Ifá, babaláwo lè ní kí ènìyàn bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ rúbọ, kí ibi lè bá aṣọ náà lọ.

Èrò àwọn onímọ̀

Marcel Mauss, ọmọ ilẹ̀ Faransé, kọ ní 1925 pé nǹkan kan lára ọlọ́rẹ máa ń bá ẹ̀bùn lọ. Èrò yìí bá ti àpótí olóògbé mu gan-an. Ní 1988, Russell Belk ṣàlàyé pé ohun ìní jẹ́ apá kan ara ẹni tó ni ín. James Andreoni, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, sọ ní 1990 pé inú dídùn tí ọlọ́rẹ ń rí wà lára ohun tó ń mú un ṣe é. Ìwádìí Karen Winterich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2017 fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n gbà níyànjú láti ya fọ́tò ohun ìrántí wọn fi nǹkan tọrẹ ju àwọn yòókù lọ, nítorí fọ́tò náà ń bá wọn pa ìrántí mọ́.

Ìfòyà àti òkìríkà

Àwọn kan kì í fi aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ sára tọrẹ fún àjèjì, nítorí wọ́n gbà pé òógùn ara wà nínú rẹ̀, ọ̀tá sì lè fi ṣe wọ́n ní ibi. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Ọ̀pọ̀ ló ń jó o níná.

Òkìríkà, ìyẹn aṣọ àlòkù tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ìlú Okrika ní Ìpínlẹ̀ Rivers, yàtọ̀ sí èyí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí ọrẹ nílùú òyìnbó, kí àwọn oníṣòwò tó dì í ní béèlì. Òfin Nàìjíríà kò gba kí wọ́n kó o wọlé, síbẹ̀ wọ́n ń tà á lọ́jà. Ẹni tó rà á kò lè mọ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ máa ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó fi kan ara.