Ìgbà wo lomi gbà fún ẹni tó fẹ́ fi káyààkì (ọkọ̀ tóóró tí a ń fi àjẹ̀ tù) yí erékùṣù Seil po?

Ìbéèrè: Seil kéré. Kí ló dé tí ẹni tó lágbára lápá ṣì lè kùnà láti yí i po?

Ìdáhùn: Ẹnubodè méjì ló wà níbẹ̀, aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn sì ń tẹ̀ lé. Seil wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Skọ́tílándì, ní gúúsù ìlú Oban. Clachan Sound, omi tóóró kan, ló là á kúrò lára ilẹ̀ ńlá. Afárá òkúta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1792 ló gba orí rẹ̀ kọjá. Bí òkun bá fà, omi á tán níbẹ̀, ẹ ó sì ru ọkọ̀ yín. Ní gúúsù ni Cuan Sound, láàárín Seil àti Luing, erékùṣù mìíràn. Tiẹ̀ kì í gbẹ, sísáré ló ń sáré. Nígbà tó bá le jù, ó lè tó kìlómítà 11 sí 13 ní wákàtí kan. Ẹni tó mọ àjẹ̀ lò dáadáa kì í sábà ju 6 tàbí 7 lọ.

Ìbéèrè: Òkun kọ́ ni? Kí ló ń mú un ṣàn bí odò?

Ìdáhùn: Omi tó ń kún kì í dé ìhà méjèèjì àwọn erékùṣù yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìhà kan á ga ju èkejì lọ, omi á fẹ́ dọ́gba, ọ̀nà tó sì máa gbà kọjá fún. Ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn oṣù tuntun tàbí òṣùpá àrànmọ́jú ló ń le jù: ìyàtọ̀ kíkún àti fífà ní Oban á tó bíi mítà 3.3. Láàárín oṣù tuntun àti òṣùpá àrànmọ́jú, ó lè má ju mítà 1.1 lọ. Ìgbà tó rọ̀ yìí la máa yàn fún ẹni tó ń lọ nígbà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi abẹ́ afárá kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Ìbéèrè: Ṣé bí omi bá kún tán ni Cuan ń dákẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o! Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí. Nǹkan bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45 kí omi tó kún tán ní Oban ni ìṣàn Cuan ti ń yí padà, tí á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ìlà-oòrùn. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ló jẹ́ kí ìrìnàjò náà ṣeé ṣe. Ká ní omi máa kún ní Oban ní 13:30. Ẹ kúrò ní Ellenabeich, létí ìwọ̀-oòrùn Seil, ní 11:00. Ẹ dé Cuan ní 11:45, bó ṣe ń dákẹ́. Ẹ tukọ̀ lọ sí àríwá nínú Seil Sound, omi tó wà láàárín Seil àti ilẹ̀ ńlá, fún wákàtí kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀, ẹ ó sì bá omi tó kún lábẹ́ afárá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó gba etí ìwọ̀-oòrùn padà sílé. Ìhà yẹn kò ní ààbò: bí atẹ́gùn ìwọ̀-oòrùn bá le, ẹ sún un di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ wo ìwé àkókò omi dáadáa. Púpọ̀ nínú wọn ń lo aago GMT yípo ọdún, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi wákàtí kan kún un nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí wọ́n máa ń sún aago ibẹ̀ síwájú ní wákàtí kan nígbà náà. Ẹni tó bá gbàgbé á dé Cuan ní wákàtí kan ṣáájú, ìṣàn á sì kọjú sí i.

Ìbéèrè: Kí ló ń dojú ọkọ̀ dé níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ojú ibi tí omi tó ń sáré ti pàdé èyí tó dúró lẹ́yìn òkúta. Bí imú ọkọ̀ bá ṣe wọ inú ìṣàn, omi á gbá ìdí rẹ̀ mú láti ẹ̀gbẹ́, á sì yí i dé síhà ibi tí ìṣàn ti ń bọ̀. Ẹ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú eré, ẹ gbé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ìṣàn sókè, kí ẹ sì ki àjẹ̀ bọmi ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí atẹ́gùn bá dojú kọ ìṣàn, ìgbì á ga, á sì dúró ṣánṣán. Ẹ má wọ̀ ọ́.

Ìbéèrè: Kí lẹni gbọ́dọ̀ wọ̀?

Ìdáhùn: Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń mú ni léfòó, àti aṣọ tí omi kì í wọ̀. Òkun ibẹ̀ máa ń tutù tó bíi 8°C lópin ìgbà òtútù, kì í sì í sábà ju 14°C lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Rédíò VHF, tí a ń fi ìkànnì 16 pe fún ìrànlọ́wọ́, gbọ́dọ̀ wà lára jákẹ́ẹ̀tì yín. Èyí tó bá wà nínú ikùn ọkọ̀ kò wúlò fún ẹni tó ti bọ́ sínú omi.