Omi Ni Í Ba Àgbo Ọlọ́tí Jẹ́

Bí ẹ bá ra atalẹ̀ tútù ní Ọjà Ọba ní Òṣogbo, tí ẹ gé e, tí ẹ da ọtí lé e lójú ẹsẹ̀, ẹ ti bu omi sí ọtí yín nìyẹn. Atalẹ̀ tútù 250 gíráàmù fẹ́rẹ̀ẹ́ ní 200 mìlílítà omi nínú. Bí omi yìí bá bọ́ sínú 500 mìlílítà ọtí tó jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, agbára rẹ̀ á wálẹ̀ sí bíi 29. Ẹ wá bu oyin tó ìlàjì rẹ̀ kún un, ó di 19. Ibẹ̀ ni agbára ọtí tó ń pa á mọ́ ti ń dín kù.

Gbígbẹ ni kí ẹ lò. Ẹ gé e pẹlẹbẹ, ẹ sá a títí yóò fi máa dá pọ́ṣọ́. Ìgbà ọyẹ́ ló rọrùn jù. Lásìkò ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò kó má bàa bu. Ẹ gún un wẹ́wẹ́, kó má kúnná bí èlùbọ́, torí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ ò ní ṣeé sẹ́.

Atalẹ̀ gbígbẹ 100 gíráàmù, kànáfùrù mẹ́wàá, ọtí 500 mìlílítà, nínú ìgò dígí. Èyí tó bá yọrí lókè ọtí ló máa bu. Ẹ mì ín lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, ẹ fún un dáadáa. Bíi 400 ni ẹ ó rí. Oyin 200 ni kí ẹ rò mọ́ ọn, agbára rẹ̀ á dúró sí bíi 27. Ẹ má gbé oyin kaná. Bí ẹ bá gbé ìgò oyin sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ti tó láti dẹ̀ ẹ́.

Ọtí gan-an ló léwu. Lọ́dún 2015, ògógóró tó ní mẹ́táánọ́ọ̀lù, ìyẹn oríṣi ọtí kan tó jẹ́ májèlé, pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àwọn kan a máa ṣáná sí ọtí, bó bá jó, wọ́n á ní ojúlówó ni. Mẹ́táánọ́ọ̀lù náà ń jó! Ìgò tí wọ́n dí pa, tó ní nọ́ńbà NAFDAC, tí wọ́n kọ ìdá ọtí sára rẹ̀, ni kí ẹ rà.

Ṣíbí tíì kan lẹ́yìn oúnjẹ ni, kì í ṣe ife pàráàgà. Aláboyún, ọmọdé, ẹni tó fẹ́ wakọ̀, ẹni tó ń lo Flagyl tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọdọ̀ mu ún. Onítọ̀ ṣúgà ńkọ́? Oyin ò jẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ sára ìgò. Bí ìdérí bá dún pọ̀ọ̀ nígbà tí ẹ ṣí i, ó ti ń hó. Ẹ dà á nù.