Orin Tí Ó Tú Àṣírí Ẹyẹ Òkè Jos

Láàárín àpáta àti koríko gbígbẹ orí òkè Jos, ẹyẹ kékeré kan wà tí akọ rẹ̀ ní ẹ̀yìn pupa, tí ó ń ṣa hóró koríko jẹ. Rock Firefinch ni àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè é. Ohun tí ó yẹ kí a dúró wò nípa rẹ̀ ni àlejò tí ń yé ẹyin sínú ìtẹ́ rẹ̀, ìyẹn Jos Plateau Indigobird, tí kì í tọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ rárá.

Àlejò yìí kò dà bí àwọn ẹyẹ tí ọmọ wọn máa ń ti ọmọ onílé ṣubú kúrò nínú ìtẹ́. Ọmọ rẹ̀ àti ọmọ onílé jọ ń dàgbà ni, nítorí pé àmì inú ẹnu wọn jọra, àmì yìí sì ni òbí ń rí nígbà tí ó bá ń fún wọn ní oúnjẹ.

Nígbà tí akọ àlejò bá gbó, orin onílé ni ó máa ń kọ. Àwọn kan rò pé onílé ni ó ń fi orin náà tàn jẹ, ṣùgbọ́n àṣìṣe ńlá ni èyí. Ọmọ àgbàtọ́ ni, oríkì ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ni ó gbọ́ dàgbà, abo irú tirẹ̀ ni ó sì ń kì í fún. Abo tí wọ́n tọ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò dá oríkì náà mọ̀, yóò gba akọ náà, yóò sì wá ìtẹ́ onílé kan náà lọ láti yé sí. Láàárín Yorùbá, ẹni tí ó bá ní oríkì ilé kan náà kì í sábà fẹ́ ara wọn. Láàárín àwọn ẹyẹ yìí, oríkì yẹn gan-an ni ó ń so wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n inú ètò yìí ga lójú mi, nítorí pé ohun tí etí gbọ́ ní kékeré ni ó ń pààlà sí àárín irú ẹyẹ kan àti òmíràn.

Ìdánwò kan fi èyí hàn. Ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà, wọ́n jẹ́ kí Bengalese Finch, ẹyẹ ọ̀sìn kan, tọ́ irú indigobird mìíràn dàgbà: àwọn akọ kọ orin alágbàtọ́ wọn, àwọn abo sì yé ẹyin sínú ìtẹ́ Bengalese Finch.

Robert Payne, onímọ̀ ẹyẹ ní yunifásítì náà, ti fún àlejò òkè Jos ní orúkọ ní ọdún 1982. Ṣùgbọ́n orin onílé tí ẹyẹ náà ń kọ kò bá ti firefinch kankan tí a mọ̀ mu. Bí oríkì bá wà, ilé tí ó ni ín gbọ́dọ̀ wà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe wá onílé náà lọ sáàárín àpáta, tí wọ́n sì rí i. Ní ọdún 1998 ni Payne tẹ àpèjúwe rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí irú ẹyẹ tuntun.