Ta ló ń sanwó abẹ́rẹ́ tó dànù?

Ó máa ń bí ìyá nínú pé ó gbé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án jáde láti Mákòókò wá gba abẹ́rẹ́ èéyi, kí nọ́ọ̀sì tún ní kó padà wá lọ́jọ́ àjẹsára. Inú ìgò ni ìdí rẹ̀ wà. Ìyẹ̀fun ni abẹ́rẹ́ èéyi, ìgò kan sì sábà máa ń tó ọmọ mẹ́wàá. Bí wọ́n bá ti po omi rẹ̀ mọ́ ọn, wákàtí 6 péré ló kù fún un. Èyí tí kò bá tán, dídà ni wọ́n ń dà á nù. Bó bá jẹ́ ọmọ méjì ló wá, ti mẹ́jọ ṣègbé nìyẹn.

Ẹni tó ń fi oògùn ṣòwò kò jẹ́ ṣí irú ìgò bẹ́ẹ̀ láìbu owó mẹ́jọ yẹn lé ti méjì lórí. Ìjọba ló lè gbé àdánù náà láìsọ ọ́ di gbèsè sí ìyá lọ́rùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ní kí wọ́n ṣí ìgò kódà bó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wá. Bí wọ́n bá dá a padà, tí kò wá mọ́ ńkọ́?

Ìjọba àpapọ̀ àti Gavi, àjọ àgbáyé tó ń ran àwọn orílẹ̀-èdè lọ́wọ́ láti ra abẹ́rẹ́ àjẹsára, ló jọ ń san owó abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Owó ọ̀nà ni kì í hàn sójú. Láti ilé ẹrù ìjọba dé ìjọba ìbílẹ̀, títí dé inú kúlà oníyìnyín tí òṣìṣẹ́ gbé kọ́ èjìká, dígírì 2 sí 8 ni òtútù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Iná ọba ń lọ, ó ń bọ̀; jẹnẹrétọ̀ ń mu epo. Àmì róbótó kan wà lára ìgò, igun mẹ́rin tó mọ́lẹ̀ wà láàárín rẹ̀. Bí ooru bá ṣe ń mú un ni igun mẹ́rin yẹn ń ṣú. Tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti bá ti róbótó náà dọ́gba, kò ṣeé gún fún ọmọ mọ́, bí ojú ò tilẹ̀ rí ìyàtọ̀ kankan nínú ìgò. Owó epo àti owó ọkọ̀ yìí ni kò yẹ kí ìjọba ṣahun sí rárá.

Kí ló wá kan olówó tó ń gún ọmọ tirẹ̀ lábẹ́rẹ́ ní Ìkòyí? Níbi tí kò ti sí ààbò, ẹnì kan tó ní èéyi lè kó o ran èèyàn 12 sí 18. Afẹ́fẹ́ ló ń gbà, ó sì lè wà nínú yàrá fún wákàtí 2 lẹ́yìn tí aláìsàn ti jáde. Kó tó ṣeé dá dúró, nǹkan bí ọmọ 95 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù 9 àti oṣù 15. Ìkókó oṣù mẹ́rin kò tíì tó gbà á, owó yòówù kí bàbá rẹ̀ ní. Abẹ́rẹ́ tí ọmọ dírẹ́bà gbà, èyí tí ọmọ ẹni tó ń bá wọn gbọ́mọ gbà, ló ń dáàbò bò ó títí ọjọ́ tirẹ̀ á fi pé.