Yellowknife

Yellowknife ni olú ìlú Northwest Territories lápá àríwá Kánádà, etí adágún ńlá Great Slave Lake ló wà. Èèyàn 20,340 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2021, kò pọ̀ o, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo èèyàn tó wà ní Northwest Territories.

Àwọn Dene ló nilẹ̀ látayébáyé. Ní 1898 ẹnì kan tó ń lọ wá góòlù ní Klondike, ibòmíì ní Kánádà, rí díẹ̀ ní Yellowknife, kò sẹ́ni tó kà á sí torí ibẹ̀ jìnnà jù, àfìgbà tí bàálù kékeré tó ń bà sórí omi bẹ̀rẹ̀ sí í débẹ̀ làwọn awakùsà wá ya wọ̀lú ní 1930s. Ibi ìwakùsà tó ń jẹ́ Con Mine yọ góòlù àkọ́kọ́ ní 1938, òmíì tó ń jẹ́ Giant Mine tẹ̀ lé e ní 1948. Ottawa, olú ìlú Kánádà, ni wọ́n ti ń darí gbogbo agbègbè náà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ Yellowknife di olú ìlú ní 1967.

Giant yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní láti yan òkúta kí góòlù tó yọ, èéfín ẹ̀ sì kún fún májèlé arsenic, ó ń bà lé yìnyín táwọn Dene ń yọ́ mu, ọmọdé kan kú nítorí ẹ̀ ní 1951. Nígbà tó yá wọ́n ń kó lẹ́búlẹ́bú májèlé náà sínú ihò abẹ́ ilẹ̀, ó tó 237,000 tọ́ọ̀nù, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, ètò tí ìjọba ṣe ni pé kí wọ́n sọ ilẹ̀ tó yí i ká di yìnyín kí omi má bàa gbé e jáde. Ní September 1992, nígbà táwọn òṣìṣẹ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀, bọ́ǹbù tí ẹnì kan nínú wọn rì sábẹ́ ilẹ̀ pa èèyàn 9, wọ́n sì ju ẹni náà sẹ́wọ̀n gbére.

Con kógbá wọlé ní 2003, Giant ní 2004. Dáyámọ́ǹdì ti gbapò góòlù nígbà yẹn, ibi ìwakùsà dáyámọ́ǹdì tó ń jẹ́ Ekati bẹ̀rẹ̀ ní 1998, bàálù ló ń gbé òṣìṣẹ́ lọ bọ̀. Iṣẹ́ ìjọba náà pọ̀ níbẹ̀, àlejò sì máa ń wá wo iná aláwọ̀ ewé tó ń jó lójú ọ̀run lóru. Ní August 2023 iná igbó sún mọ́ ìlú débi pé gbogbo ará ìlú ni wọ́n ní kó jáde, September ni wọ́n tó padà wọlé.