Wíwú èrìgì àti jíjẹrà egungun ní ìdí eyín àgbìn

Eyín àgbìn ni eyín àtọwọ́dá tí oníṣègùn rì gbòǹgbò rẹ̀, tí ó sábà máa ń jẹ́ irin titanium, sínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ láti fi rọ́pò eyín tí ó ti yọ. Per-Ingvar Brånemark, ọmọ ilẹ̀ Swídìn tí ó ṣàkíyèsí pé egungun máa ń so mọ́ titanium pinpin, fi irú rẹ̀ sí ẹnu aláìsàn ní ọdún 1965. Irin kì í kẹ̀ bí eyín, ṣùgbọ́n èrìgì àti egungun tí ó yí i ká lè wú, wọ́n sì lè jẹrà.

Ìpele méjì ni àìsàn yìí ní. Ní ìpele kìíní, èrìgì nìkan ni ó wú: ó pọ́n, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Ní ìpele kejì, egungun ti ń jẹ lọ. Ìpàdé àwọn onímọ̀ èrìgì láti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní ọdún 2017 fi ẹnu kò pé, níbi tí kò bá sí àwòrán X-ray àtijọ́ tí a lè fi wé ti ìsinsìnyí, èrìgì tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tí irin ìwọ̀n sì wọ ìdí rẹ̀ tó mílímítà 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú egungun tí ó ti lọ sílẹ̀ tó mílímítà 3 ó kéré tán, jẹ́ àmì ìpele kejì.

Bakitéríà inú ìdọ̀tí rírọ̀ tí ó ń lẹ̀ mọ́ ara eyín ni ó ń fa wíwú náà. Okùn ẹran tín-ín-rín ni ó so gbòǹgbò eyín àbínibí mọ́ egungun, àmọ́ ní ìdí eyín àgbìn, ńṣe ni okùn wọ̀nyí kàn na ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin láìwọnú rẹ̀, nítorí náà wíwú máa ń tètè dé egungun. Ohun tí ó mú un léwu jù ni pé kì í sábà dunni. Ẹ̀jẹ̀ lára búrọ́ọ̀ṣì ní àárọ̀, tàbí ọyún tí ó yọ nígbà tí a fi ìka tẹ èrìgì, ni ẹni náà lè kọ́kọ́ rí. Eyín náà kì í sì í mì títí egungun tí ó dì í mú yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, nítorí pé ti ìsàlẹ̀ ṣì ń gbé e dúró.

Ìdènà bẹ̀rẹ̀ kí a tó gbin eyín rárá. Ẹni tí àìsàn èrìgì ti ba eyín rẹ̀ jẹ́ rí wà nínú ewu jù, ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ tọ́jú èyí. Oníṣègùn gbọ́dọ̀ ṣe orí eyín náà lọ́nà tí búrọ́ọ̀ṣì yóò fi lè dé ìdí rẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí símẹ́ǹtì tí ó fi lẹ̀ ẹ́ ṣẹ́kù sábẹ́ èrìgì. Nílé, búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí ó ń wọ àlàfo eyín, tí a fi rọ́bà bo wáyà rẹ̀, wúlò gan-an. Òwú ìfọyín náà dára, ṣùgbọ́n níbi tí egungun bá ti lọ, fọ́nrán rẹ̀ lè há sára irin, kí ó sì dá wíwú sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí ẹni náà máa lọ fún àyẹ̀wò ní gbogbo oṣù 3 sí 6, gẹ́gẹ́ bí ewu ẹni náà bá ṣe pọ̀ tó.

Ìpele kìíní ṣeé wò pátápátá. Oníṣègùn yóò ha ìdọ̀tí kúrò pẹ̀lú irinṣẹ́ tí kì í họ ojú titanium, yóò sì tún kọ́ ẹni náà bí a ṣe ń fọ ibẹ̀; ìwòsàn náà lè gbà ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ. Fún ìpele kejì, fífọ̀ láìlo ọ̀bẹ ni a máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú, a ó sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èrìgì Yúróòpù gbé jáde ní ọdún 2023 kò dábàá pé kí a máa fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò mímu ní ìgbésẹ̀ yìí. Bí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún kò bá dá, iṣẹ́ abẹ ni ó kàn: a ó ṣí èrìgì, a ó fọ ara irin náà lójúkojú, nígbà mìíràn a ó sì fi èròjà egungun dí ihò tí ó bá jìn. Eyín àgbìn tí gbòǹgbò irin rẹ̀ bá ti ń mì nínú egungun kò ṣeé tún ṣe. Yíyọ ni a máa ń yọ ọ́, a ó sì dúró kí egungun ibẹ̀ san kí a tó ronú òmíràn.