Fífá kọ́ ló ń mú irùngbọ̀n obìnrin le

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń dirun ní Ògbómọ̀ṣọ́, mi ò sì rántí oṣù kan tí mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ṣọ́ọ̀bù mi: "Má fi abẹ kàn án o! Bí o bá fá a lẹ́ẹ̀kan péré, ó di ti ọkùnrin nìyẹn." Irun tó ń hù lágbọ̀n obìnrin ni wọ́n ń wí. Ìyá á sọ ọ́ fún ọmọ, ọ̀gá á sọ ọ́ fún ọmọṣẹ́, ẹni tó kàn yà wá ra òwú ìdirun á bá wọn dá sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti sú mi, ó sì ń dùn mí, torí mo mọ àwọn tó ń forí fá a.

Ọ̀kan nínú wọn máa ń wá bá mi nírọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tí oníbàárà bá ti tán nílẹ̀. Olùkọ́ ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Nínú ooru oṣù Kẹta, tí gbogbo wa ń fi páálí fẹ́ra, ìborùn rẹ̀ á wé mọ́ ọrùn títí dé ìsàlẹ̀ ètè. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn." Ìgbà tí mo bá tì í tán ló tó ń tú ìborùn. Lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, irun dúdú líle ló wà níbẹ̀. Àwọn kan ti ká kò padà wọnú awọ, wọ́n ti sọ ojú ibẹ̀ di kókó kéékèèké tó ń dùn ún bí mo bá fọwọ́ kàn án. Ẹ̀mú kékeré ló fi ń fà á tu ní ìdájí, kí ọkọ rẹ̀ tó jí. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi fá a, kó bọ́ lọ́wọ́ ìrora. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ mu májèlé.

Ní ọdún tó kọjá, ó wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ bọ̀ wálé. Ìborùn yọ̀, obìnrin tó jókòó tì í rí àgbọ̀n rẹ̀, ló bá figbe ta pé ọkùnrin ló múra bí obìnrin yìí, gbọ́mọgbọ́mọ ni. Awakọ̀ dúró. Wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀, kó tú gèlè, kó wá fi han àwọn bóyá obìnrin ni lóòótọ́. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ọkọ̀ ló mọ ìyá rẹ̀, òun ló gbà á sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìborùn kò ti kúrò lọ́rùn rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ tí mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Obìnrin onírùngbọ̀n kì í ṣe àjẹ́. Kì í ṣe ọkùnrin tó sá pamọ́ sábẹ́ ìró. Wọ́n tún máa ń ní olówó ni. Mo mọ ìyá kan tó hu irùngbọ̀n, ẹ̀kọ ló ń tà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, ẹ̀kọ náà ló ṣì ń tà títí dòní. Ẹni tó bá ti bá èèyàn gbé mọ gbogbo èyí. Ti abẹ yìí ló ká mi lára, torí àwọn tó kàwé náà ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ọwọ̀, ìgbálẹ̀ ilé wa yìí. Ẹ fa ẹyọ kan yọ nínú èyí tó ṣì tuntun. Ìdí rẹ̀ nípọn, ó sì ń tín-ín-rín lọ títí dé ṣóńṣó. Ẹ fi ṣóńṣó yẹn ra àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ ó rí i pé ó rọ̀, ó ń tẹ̀. Ẹ wá fi ọ̀bẹ gé e láàárín, kí ẹ fi ojú ibi tí ẹ ti gé e ra àtẹ́lẹwọ́ kan náà. Yóò gún yín. Ṣé ẹyọ ọwọ̀ náà ti nípọn sí i ni? Rárá o. Ibi tó ti nípọn tẹ́lẹ̀ ni ọwọ́ yín wá bà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irun. Irun tí abẹ kò kàn rí, ṣóńṣó rẹ̀ tín-ín-rín. Bí abẹ bá ti gé e, ojú pẹlẹbẹ tó gbòòrò ló máa kọ́kọ́ yọ síta. Ó ṣì kúrú, kò lè tẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gún ni. Ó sì máa ń dúdú lójú, torí oòrùn kò tíì pa á.

Mo ti gé ọwọ̀ yìí níwájú oníbàárà tí kò lóǹkà. Wọ́n á ní òótọ́ ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní, "Àmọ́ èmi fúnra mi rí i tó pọ̀ sí i." Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró sí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti ń há.

Irun tí à ń rí lókè awọ ti kú. Bí kò bá kú ni, ẹ ò bá máa ké nígbà tí mo bá ń fi àlùmọ́gàjí gé e. Ohun tó wà láàyè ni gbòǹgbò rẹ̀, nísàlẹ̀ nínú awọ, nínú kòtò kékeré tó ti ń hù jáde. Abẹ kì í dé ibẹ̀, gbòǹgbò kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gé nǹkan kan lókè. Àwọn àgbẹ̀ àárín wa máa ń fi ewéko bá mi jiyàn. Wọ́n ní ṣebí bí a bá bẹ́ ewédú lórí, ńṣe ló máa ń pẹ̀ka ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, torí igi ewédú wà láàyè, ojú tí ẹ̀ka ti ń yọ sì wà lára rẹ̀. Tí a bá bẹ́ orí rẹ̀, àwọn ojú yẹn á jí. Irun kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀ lára. Iye kòtò irun tí èèyàn máa lò láyé ti pé sára rẹ̀ kí wọ́n tó bí i, abẹ kò lè fi ẹyọ kan lé e.

Wọ́n ti wọ̀n ọ́n wò pẹ̀lú. Ní ọdún 1928, Mildred Trotter, obìnrin onímọ̀ ẹ̀yà ara ní Amẹ́ríkà, yẹ irun tí àwọn ọkùnrin ń fá lójú wò. Kò rí i pé fífá mú irun yára hù tàbí kó nípọn sí i. Ní 1970, àwọn olùwádìí mìíràn mú ọkùnrin 5, wọ́n ń fá ẹsẹ̀ kan fún wọn, wọ́n fi èkejì sílẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹsẹ̀ méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Mo gbà pé ọkùnrin 5 kò pọ̀, irun ẹsẹ̀ ọkùnrin sì kọ́ ni irun àgbọ̀n obìnrin. Síbẹ̀ ẹni tó ní abẹ ń mú irun le ló yẹ kó gbé ẹ̀rí tirẹ̀ wá, mi ò sì tíì rí i lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Àwọn Ìlàrí ààfin Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, àwọn ìránṣẹ́ Aláàfin, apá kan orí wọn ni wọ́n máa ń fá, ohun tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ ní ìlú tí wọ́n bá dé nìyẹn. Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà kan níbẹ̀ rí pé apá tí abẹ ń kàn lórí Ìlàrí máa ń di igbó. Ọmọ tuntun tí àwọn Mùsùlùmí ń fárí fún lọ́jọ́ keje ńkọ́? Ìyá rẹ̀ á ní fífá ló jẹ́ kí irun ọmọ kún. Irun tí wọ́n bí mọ́ ọmọ máa ń re fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, èyí tó le jù ú lọ á sì hù dípò rẹ̀, ì báà jẹ́ wọ́n fá a, ì báà jẹ́ wọn ò fá a.

Ẹ wá bi ara yín pé ìgbà wo ni ọmọbìnrin ń kọ́kọ́ wá abẹ lọ? Ìgbà tí irun náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ni. Ohun tó ń mú un pọ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ara. Bó fá a, bí kò fá a, ti ọdún tó ń bọ̀ yóò ju ti èṣí lọ. Ó wá dà bí ẹni tó ṣí agbòjò nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, tí òjò wá le, tó ní agbòjò ló fà á.

Kòtò irun tó wà lójú obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ níye sí ti ojú ọkùnrin. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé irun inú ti obìnrin rọ̀, kì í hàn. Họ́mónù, èròjà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, bíi testosterone, ló ń sọ ọ́ di líle. Họ́mónù ọkùnrin ni wọ́n ń pè é, àmọ́ ara obìnrin náà ń ṣe é, nínú ilé ẹyin àti nínú kókó ara kékeré tó dé kíndìnrín lórí. Ti obìnrin kéré ni. Bó bá lé, tàbí bí awọ ẹnìkan bá ń tètè gbà á, irun á le. Ní ìdílé mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bí wọn, kò sí àìsàn níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dúró ló máa ń rí ẹyọ mélòó kan lágbọ̀n. Ìpara abóra tí wọ́n po oògùn steroid mọ́ náà máa ń hu irun sójú ẹni tó ń fi í para, mo sì ti rí i lójú oníbàárà tó ń di ẹ̀bi ru abẹ.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àìsàn tó ń fà á ni PCOS (polycystic ovary syndrome), àìsàn tó ń da họ́mónù àti ilé ẹyin obìnrin láàmú. Nǹkan oṣù á máa ṣe ségesège, irorẹ́ á bo ojú, oyún lè má tètè dúró, ìtọ̀ ṣúgà sì lè tẹ̀ lé e bó bá yá. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé obìnrin bíi 10 sí 13 nínú 100 tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ ló ní in, àti pé ó lè tó 70 nínú 100 àwọn tó ní in tí kò mọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú sí ọ̀rọ̀ abẹ yìí nìyẹn. Ọmọ tí ẹ ti sọ fún pé ọwọ́ rẹ̀ ló fà á, kí ló fẹ́ lọ bi dókítà? Ìtìjú ló máa gbé wọlé, tí á ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Èyí tó tún ń yà mí lẹ́nu ni pé láti Ọ̀yọ́ ni ọkọ̀ tí wọ́n ti fẹ́ tú olùkọ́ yẹn láṣọ ń bọ̀. Ní Ọ̀yọ́ ni mo ti rí elégùn Ṣàngó, ọkùnrin pátápátá, tó dirun bí obìnrin, tó sán wàbì mọ́dìí. Ìyàwó òrìṣà là ń pe ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórìṣà, ì báà jẹ́ ọkùnrin. Ẹnì kankan kì í dá a dúró pé kó wá fi ara rẹ̀ hàn. UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sínú àkójọ àṣà àjogúnbá ọmọ aráyé ní 2023. Ní Cuba, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú dé, Santa Bárbara, ẹni mímọ́ tó jẹ́ obìnrin, ni wọ́n fi Ṣàngó pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Mi ò sọ pé ọ̀rọ̀ elégùn àti ti oníbàárà mi jẹ́ ọ̀kan náà. Ti elégùn, iṣẹ́ òrìṣà ni. Ti ọmọkùnrin tó ń wá dirun lọ́dọ̀ mi láti LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, ó kàn wù ú ni. Ti olùkọ́ yìí, ara tí Ọlọ́run fún un ni. Àmọ́ ẹni tó bá ní orí irun ni àwọn baba wa ti ń ka ọkùnrin àti obìnrin, kò wo Kòso, ojúbọ Ṣàngó ní Ọ̀yọ́, dáadáa.

Mi ò wá ní kí gbogbo obìnrin gbé abẹ. Irun tiwa máa ń ká kò, bí a bá fá a kanlẹ̀ jù, ó lè padà wọ awọ, fífà á tu pẹ̀lú ẹ̀mú náà sì ń fa irú kókó kan náà. Kí ẹ tẹ̀ lé ibi tí irun dojú kọ, kí ẹ má fi agbára tẹ abẹ. Ẹ má yá abẹ ẹnikẹ́ni lò o, ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ò rí lójú rẹ̀ lè gbé hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀, wọ̀ yín lára. Ìpara tó ń bọ́ irun, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ara apá wò kí ẹ tó gbé e dé ojú. Bí irun bá ṣàdédé pọ̀ láàárín oṣù díẹ̀, tí ohùn ń nípọn, tí nǹkan oṣù dúró nígbà tí kò yẹ, ẹ má jókòó tì í, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì figbe ta nínú ọkọ̀ pé ọkùnrin ló múra bí obìnrin, ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan aṣọ onítọ̀hún.

Olùkọ́ náà ti lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n wo ilé ẹyin rẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní ó jọ bíi pé ti ìdílé ni, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó wá rántí pé àbúrò bàbá òun obìnrin ní irú rẹ̀. Ó ti fá a lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí. Lójú tèmi, kò nípọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lójú tirẹ̀, kò tíì dá a lójú. Ó ṣì máa ń ní kí n ti ilẹ̀kùn.